Mo Pe Òkú Tí Wọ́n Ní Kí N Má Pè

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àárẹ̀ ló ń ṣe mí. Carer wo ni kò rẹ̀ ní Thamesmead, London níbí? Ọ̀sán gangan ni, mo ti jẹun, ojú mi sì là sílẹ̀ kedere.

Auntie tí mo ń tọ́jú lẹ́bàá adágún omi Birchmere kì í ṣe òyìnbó o. Ọmọ Ọsirélíà ni wọ́n, lára àwọn Aboriginal tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó débẹ̀. Ìjọba já wọn gbà lọ́wọ́ ìyá wọn ní kékeré. Nílé tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí, ẹni tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ á jẹgba. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá gbé Auntie dé London.

Àbúrò wọn ọkùnrin ló kú lọ́hùn-ún. Auntie dojú fọ́tò rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n ní kí n má dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ní ti àwọn èèyàn wọn, a kì í pe òkú tuntun, kó lè padà wọ inú ilẹ̀ tó bí i. Ilẹ̀ yẹn ló ni ín, òun kọ́ ló nilẹ̀.

Ẹ gbà mí o. Òkú wo la kì í pè? Èmi ọmọ Aládùúrà, tí à ń dárúkọ olóògbé ketekete níwájú pẹpẹ! Mo ní ìbànújẹ́ ló ń da Auntie láàmú. Mo wọ kíṣìnì, mo pe ọkùnrin yẹn lórúkọ, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, pé kí Olúwa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìgbà tí mo padà sí pálọ̀, yẹ̀pẹ̀ pupa wà lórí kápẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hoover gbá. Inú bí mi. Mo gbá a, ó tún wà níbẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹrẹ̀ dúdú ni wọ́n ní níbí, n ò rí yẹ̀pẹ̀ pupa ní London rí.

Mo gbójú sókè. Bàbá inú fọ́tò ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé, láìwọ bàtà, tó ń wo omi bí ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní bus stop tí kì í ṣe tirẹ̀.

Auntie ò pariwo. Wọ́n sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. O wá pè é."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní kó máa lọ. Omi bọ́ lójú wọn. "Òkú wa kì í gbọ́ òyìnbó. Èdè ìyá wa tí mo máa fi sọ fún un, wọ́n nà án kúrò lẹ́nu mi."

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ èdè náà tó kù ni wọ́n sọ: omi, àti ìyá. Bàbá náà yíjú, kò dìde.

Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú, ẹ máa lọ o. Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí ẹ máa bá wọn jẹ. Ó kàn ń wò mí ni. Kò gbọ́ Yorùbá.

Mo pe ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní ṣé Auntie ti lo oògùn wọn. Mo pa fóònù.

Lánàá, Auntie bi mí bóyá mo mọ ẹnikẹ́ni nílùú yìí tó gbọ́ èdè ìyá wọn. Mo ní n ò mọ ẹnì kankan. Wọ́n mi orí, wọ́n fa àga wọn sún mọ́ ti àbúrò wọn.

Ẹ̀yin carer ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá ní àwọn kì í ṣe é báyìí nílé àwọn, ẹ dákun, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì jókòó síbẹ̀.