Ihò Mẹ́sàn-án Lára Ògiri Chitou

Ohun tí Zoubérou, mọlémọlé ará Manigri, kórìíra jù lọ láyé kì í ṣe ejò, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó bá mọ ògiri láìkọ́kọ́ béèrè ibi tí omi yóò gbà kọjá ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá àwọn tó ń ṣe títì ṣiṣẹ́ láti Bassila dé orí òkè Alédjo, níbi tí wọ́n ti ń gé ilẹ̀, tí wọ́n sì ń mọ ògiri tì í. Ibẹ̀ ló ti kọ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ kì í dá ògiri láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó mu omi yó ni í ti ògiri lulẹ̀. Láti ìgbà tó ti padà sílé, bó bá ń kọjá láàárín ìlú, ńṣe ló máa ń yínmú sí ògiri onílé gbogbo.

Alájì Chitou, olówó kajú, gé ìdí òkè kan kí àgbàlá tó ń sá kajú sí lè gbòòrò. Ó bẹ Zoubérou kó mọ ògiri tí yóò gbé òkè náà dúró. Zoubérou mọ ọ́n: ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì gíga rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ló dà sẹ́yìn rẹ̀ dípò amọ̀, ó sì fi ihò mẹ́sàn-án sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi máa rí ọ̀nà jáde.

Nígbà tí òjò dé, omi pupa ń tú jáde nínú ihò wọ̀nyẹn, ó sì ń ṣàn sórí kajú.

Chitou ní, "Zoubérou, ògiri rẹ mà ń tọ̀ sílé o." Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kó máa tọ̀, Alájì. Èyí tí kò bá tọ̀, bíbẹ́ ni yóò bẹ́."

Ìdáhùn yìí bí Chitou nínú. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí ihò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kí wọ́n sì kun ògiri náà ní funfun. Ẹni tó bá kọ ebè iṣu rí mọ̀ pé bí a kò bá la ojú omi sílẹ̀ láàárín ebè, iṣu yóò jẹrà. Ṣùgbọ́n Chitou ti ju ọkọ́ nù láti ọjọ́ tó ti wọ bàtà aláwọ. Zoubérou wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì fi Ọlọ́run búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ àgbàlá náà mọ́. "Kó wó," ló wí. "Ẹ̀kọ́ ni yóò jẹ́ fún un."

Ìbúra náà dùn lẹ́nu rẹ̀ títí di ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Marwa, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, gba iṣẹ́ ṣíṣa kajú lọ́dọ̀ Chitou. Ìgbéraga kò jẹ́ kó sọ fún ọmọ náà pé kó má lọ.

Nínú oṣù karùn-ún, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún oòrùn ràn, Marwa sì wá jẹun ọ̀sán nílé.

"Bàbá, ògiri yín ti yọ ikùn o! Alájì ní ó ń sanra ni."

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Zoubérou. "Níbo lẹ ń jókòó sí?"

"Abẹ́ rẹ̀ náà ni. Ibẹ̀ nìkan ni ibòòji wà."

Kò fọwọ́. Ó gbé òòlù àti irin tó fi ń gbẹ́ kọ́ńkéré, ó sáré lọ sí àgbàlá Chitou, Marwa sì tẹ̀ lé e.

"Ẹ dìde níbẹ̀!"

Àwọn obìnrin tó ń ṣa kajú lábẹ́ ògiri kọ́kọ́ wo ojú Chitou. Chitou rẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo búra?"

"Èmi ni. Ẹ bá mi tọ́jú ìbúra náà. Ihò mi ni mo wá wá."

"Omi yóò ba kajú mi jẹ́!"

"Kajú nìkan lẹ rí, Alájì? Ojú yín mà ríran o."

Rissikatou, tó dàgbà jù nínú wọn, pòṣé, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Zoubérou dojú irin kọ ihò àkọ́kọ́. Omi pupa tú jáde bí ẹni pé ó ti ń dúró dè é. Ó ṣí èkejì, ó ṣí títí dé ẹ̀kẹfà. Bó ṣe ń nasẹ̀ sí èkeje, ó gbọ́ ohun kan tó sán nínú ògiri. Ó fò sẹ́yìn. Ibi tí ihò mẹ́ta tó kù wà ya lulẹ̀, amọ̀ àti òkúta sì bo ibi tí àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Ibi tó ti ṣí dúró.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Chitou sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò tún un mọ?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò pè é ní ẹ̀gbọ́n rí.

"Ẹ pe ẹni tó dí ihò."

Zoubérou yípadà láti máa lọ. Marwa dúró lójú ọ̀nà, ó ń wo ibi tó máa ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí.

"Bàbá, ṣé láti ọdún tó kọjá lẹ ti mọ̀ pé yóò wó?"

Zoubérou ṣe bí ẹni tó fẹ́ yínmú, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò yín in sí. Ó padà sẹ́yìn, ó tẹ̀ ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú amọ̀.