Lẹ́tà Ọmọ Aláìní

Nílé ìwé tí mo ti ń ran àwọn tíṣà lọ́wọ́ ní Thamesmead, nílùú London, a jókòó ṣètò bí àwọn ọmọ tí nǹkan ò rọrùn fún nílé ṣe máa túbọ̀ mọ̀wé. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà Yorùbá sáwọn òbí. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà fún “àwọn ọmọ aláìní”, kí òbí tó bá fẹ́ buwọ́ lu lẹ́tà náà kó sì dá a padà. Yorùbá mi dùn mọ́ mi. Àmọ́ òbí kankan ò fèsì, inú sì ń bí mi.

Lọ́jọ́ Friday, ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ care, ìyẹn títọ́jú àwọn arúgbó, wọlé, yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, lẹ́tà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mummy, ọ̀fẹ́ ni o,” ni mo fi ohùn líle sọ. “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò buwọ́ lù ú?”

“Auntie, ẹ̀kọ́ yẹn wù mí,” ó rọra dáhùn. “Ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í ṣe aláìní. Ó ní mi.”

Ojú tì mí. Mo mú bírò, mo fagi lé ọ̀rọ̀ yẹn, mo kọ “àwọn ọmọ wa” sórí rẹ̀. Ó gba bírò náà, ó buwọ́ lù ú, ó wá ní kí n tún lẹ́tà mẹ́ta mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀, torí àwọn ìyá mẹ́ta tí wọn ò tíì buwọ́ lu tiwọn ń dúró níta.