Ẹ̀gẹ́ Ìbídùn Tó Kọ̀ Tí Kò Rọ̀

Ìró omi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Akin, ọmọ mi, ló pè mí láti ilẹ̀ Wéèsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun, irú ìpè orí fóònù tí èèyàn fi ń rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ fi àdúgbò òun hàn mí. Ó yí fóònù ká, mo rí àfonífojì kan tó tutù, tó dákẹ́ rọ́rọ́. Koríko bo òkè ọ̀tún àti òkè òsì, àgùntàn ń jẹ kiri láìsí ẹni tó ń lé wọn, odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń ṣàn lórí òkúta nísàlẹ̀. "Màmá, ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́ tó," ni Akin wí. Mo ní mo gbọ́. "Ibí ni Tèmi á ti máa ṣeré." Mo ní ó dáa. Ó wá béèrè ohun tó ń béèrè láti ọjọ́ yìí: "Ṣé ẹ ti mú un lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà yẹn?" Mo ní iná kò sí ní ilé oníyàwòrán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, irun ọmọ ni mo ní a kò tíì dì. Ṣáájú ìyẹn, mo di ẹ̀bi ru òjò.

Tèmi ni orúkọ ọmọ Akin, ó sì ti wà lọ́dọ̀ mi níbí ní Òkìtìpupa láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ọwọ́ mi ló dìmú tó fi kọ́ ìrìn. Òun ló ń bá mi wá awò ojú mi, òun náà ló ń gbé e pamọ́. Àwọn tó bí i ti wá ráyè, wọ́n fẹ́ mú un sọ́dọ̀, wọn kò sì jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé wọn kò jẹ̀bi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí, torí bí èèyàn bá jẹ̀bi, a á rí nǹkan wí sí i. Bí mo ṣe pa fóònù tán, ìró omi yẹn kò kúrò létí mi. Ó gbé mi lọ sí àfonífojì mìíràn tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ ìlú Ìkọ̀yà.

Ìyá tó bí ìyá mi ló ń gbé ibẹ̀. Iye la máa ń pè é, bí àwa Ìkálẹ̀ ti ń pe ìyá. Gbogbo ọlidé, ọkọ̀ á já èmi àti ìyá mi sílẹ̀ ní Ìkọ̀yà, a ó gbé ẹrù karí, a ó máa sọ̀kalẹ̀ láàrin igi ọ̀pẹ, ilẹ̀ á máa tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Kí ojú tó rí ilé, imú ti gbọ́ òórùn èéfín, nítorí pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín gbẹ, ni gbogbo ilé ibẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tiyín nínú ọ̀rá, ẹ kò mọ wàhálà rẹ̀. A ó bó ẹ̀gẹ́, ìyẹn pákí, a ó rẹ ẹ́ sínú odò títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n róbótó bí orí ọmọ tuntun, a ó wá tò ó sórí àjà lókè iná títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú kirikiri. Bí a bá ha dúdú náà kúrò, funfun ló wà nínú.

Òfin kan wà ní odò yẹn tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀gẹ́ nínú omi kì í rìnrìn-àjò títí yóò fi kó o kúrò. Bó bá fi sílẹ̀ tó jẹrà, ti gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ló bà jẹ́ yẹn. Òfin náà mú ọmọdé pẹ̀lú, nítorí Iye fún èmi ní agbọ̀n kékeré kan, ó fún Ìbídùn ní ọ̀kan, kí a fi kọ́ṣẹ́.

Ìbídùn ni ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Iye rárá. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ará etí òkun tó máa ń gbé ẹja gbígbẹ wá tà, tó ń dé sílé Iye. Àìsàn mú un níbẹ̀, ó kú, ó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀. Iye gbé ọmọ náà pọ̀n, àfi bí ẹni pé kò sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ẹní kan ni a jọ ń sùn, abọ́ kan ni a jọ ń jẹ, ìjà kan náà ni a ń jà lórí ẹran tó bá kù. Iye á pariwo láti ìdí iná: "Ẹ fi orí gbá ara yín, kí n lè jẹ ẹran náà!" Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò le.

Ọlidé kan ni bàbá Ìbídùn dé. Apẹja ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ó wọ sùtánà funfun, ó rìn lẹ́sẹ̀ lásán láti òkè Ìkọ̀yà wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbàdúrà fún ilé náà, kó tó wí pé òun wá mú ọmọ òun. Iye ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, "Ọmọ yìí ní ẹ̀gẹ́ nínú omi." Ọkùnrin náà mọ òfin odò. Ó ní kò burú, òun á dúró kó rọ̀.

Ìbídùn ló rò ó, èmi kò jẹ́ rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, kí àwọn obìnrin tó sọ̀kalẹ̀, a ó sáré lọ sí odò, a ó yọ èyí tó ń rọ̀ nínú agbọ̀n rẹ̀, a ó fi tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó rọ́pò. Bílẹ̀ bá mọ́ tán, Iye á wá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á mi orí: "Ó ṣì le o." Bàbá Ìbídùn á tún jókòó. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Iye, ṣé ẹ̀gẹ́ ni àbí òkúta?" Iye ní omi ló tutù lọ́dún náà. Ìyá kan ará Àyèká, tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, tó sì ti kó tirẹ̀ sórí iná, wò wá lójú, ó wo Iye, ó ní, "Omi yìí mà kúkú ń ṣe ojúsàájú." A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. A rò pé a ti borí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo dá sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi, mo bá Iye nínú odò. Ó ká aṣọ dé orúnkún, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń yọ ẹ̀gẹ́ rírọ̀ nínú agbọ̀n Ìbídùn, ó ń fi líle sí i. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Máa pọn omi rẹ, ọmọ mi," ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ kankan lọ. Títí di ìgbà yẹn, mo gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá le jù, Iye ní ohun tó máa ṣe. Àṣé ohun tí àwa ọmọdé ń ṣe náà ni òun náà ń ṣe, kò ní òmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá Ìbídùn fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé èmi, Ìbídùn àti Iye lọ sí odò. Ó ki ọwọ́ bọ agbọ̀n, ó tẹ ọ̀kan, ó rọ̀. Ó tẹ òmíràn, ó le koránkorán. Apẹja ni, kì í ṣe òmùgọ̀. Kò bínú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Iye nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀. Ó ní, "Iye, ẹ̀yìn yín lẹ fi gbé e. N kò lè san án. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi." Iye fà á dìde, ó darí gbogbo wa lọ sílé.

Ìbídùn di òpó ilé mú, ó ń ké. Bàbá rẹ̀ kò lè fà á, ojú ń tì í. Iye fúnra rẹ̀ ló tú àwọn ìka náà kúrò lára òpó lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ pé, "Ó tó, ó tó, ìyá mi." Wọ́n gun òkè lọ. Èmi jókòó sílẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́.

Agbọ̀n Ìbídùn wà nínú omi. Iye kò gbé e. Ó jẹrà níbẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ìsàlẹ̀ odò. Àwọn obìnrin kàn gbé ẹ̀gẹ́ tiwọn lọ sókè odò, kò sẹ́ni tó bá a wí. Nígbà tó pẹ́, ìyá ará Àyèká yẹn ló gbé agbọ̀n náà, ó da ohun inú rẹ̀ sínú igbó, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e sẹ́yìn ilé wa láìkí ẹnikẹ́ni.

N kò rí Ìbídùn mọ́. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja láti Àjàgbà títí dé etí omi, ó sú wọn. Bóyá ó wà níbìkan tó ń da ọmọ ọmọ láàmú, bóyá kò sí láyé mọ́. N kò mọ̀, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe tí n óò fi mọ̀.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá. Inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ báyìí, lẹ́yìn ilé, òfin odò sì ti bá odò lọ. Ẹnikẹ́ni lè rìnrìn-àjò ìgbà tó bá wù ú. Àfonífojì náà dákẹ́ ju ti Akin lọ. Èéfín ṣì ń rú, pupuru ṣì ń dúdú lórí àjà. Àwọn ọmọ sì ṣì ń lọ, àwọn ìyá àgbà ṣì ń wá àwáwí. Ìyẹn kò yí padà, kò jọ pé yóò yí padà.

Lánàá, mo mú Tèmi lọ sí ilé oníyàwòrán. Iná wà. Ọkùnrin náà ní, "Má rẹ́rìn-ín o, àwọn òyìnbó kì í gbà á." Tèmi tí kì í pa ẹnu dé! Ó wò mí, ó ń retí kí n ní kó má dá a lóhùn. Mo ní, "Ṣe ohun tí wọ́n wí." Ó pa ẹnu dé, wọ́n yà á. Mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí n tó rí nǹkan mìíràn wí.

Akin dáhùn kí a tó délé. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ó mà jọ yín o, bí kò ṣe rẹ́rìn-ín yìí."