Ìbéèrè Méjì Tí Wọn Kò Dáhùn

Wọ́n gba yàrá ìkàwé lọ́wọ́ wa, wọ́n sì gba ìyá tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ̀. Mo ní wọ́n gbà á. N kò ní ó sọnù.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà, aládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé ilé-ìwé wa, á máa jọ̀ gààrí tí òórùn kíkan rẹ̀ gba inú ilé kan. Àwa a máa ka ìwé ìpolówó sókè, ti alágbo, ti olóṣèlú. Ajọ̀ a máa dún, ṣàà, ṣàà. Bó bá dákẹ́ lójijì, a ti mọ̀ pé a ti débi tí àlàyé ti já.

Ìyá náà á ní, "Tún un kà."

"'Bàbá mi mu àgbo yìí, ó sì gbó, ó tọ́.'"

"Bàbá náà ń dé fìlà, àbí kò dé e? Ṣé ká máa wá se fìlà mu ni?"

A ó rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹfà, ìgbìmọ̀ òbí pín ìwé kan kiri: wọ́n fẹ́ sọ yàrá ìkàwé di ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ilé-ìwé méjì ní Ayépé ti ṣe é, nítorí náà ó dára. Wọ́n ní òbí tí kò bá fọwọ́ sí i kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a kà á sókè fún ìyá náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ajọ̀ dákẹ́. A fi bírò pupa fàlà sí i, a sì kọ ìbéèrè sábẹ́ rẹ̀: Ṣé torí pé ẹlòmíì ṣe nǹkan ló fi dára? Ta ló fi hàn yín pé ẹni tó fẹ́ yàrá ìkàwé kò fẹ́ràn ọmọ? A dá ìwé náà padà fún ìgbìmọ̀.

Ní ìpàdé, alága gbé ìwé wa sókè. "Ẹ wo ohun tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ yín! Obìnrin tí kò bímọ rí, kí ló mọ̀ nípa ọmọ?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá mi náà pàtẹ́wọ́.

Ìyá náà dìde. "Alága, mo ti gbọ́ pé mi ò bímọ. Ẹ wá dá àwọn ọmọ lóhùn."

Wọ́n ní kó jókòó. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Títí dòní, bí ẹnì kan bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ̀ mí, etí mi a máa ṣọ́ ìgbà tí ajọ̀ yóò dákẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ìpara ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí ẹ ṣì wà láyé, tí ẹ ń jókòó síwájú níbi ìpàdé ìlú: a kò bi yín léèrè ẹni tó bímọ. Ìbéèrè méjì la bi yín. Ẹ dáhùn.