Ọkàn Tí Wọ́n Yẹ̀ Wò Dípò Ti Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn dísẹ̀lì tó dà sínú ẹrẹ̀ ni mo fi ń rántí Liverpool Road ní Àpápá, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń wa tírélà. Ọ̀gá wọn ló pàṣẹ pé kí gbogbo awakọ̀ jẹ́ kí àwọn dókítà ilé ìwádìí àrùn ọkàn ti ìjọba àpapọ̀ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí ọkàn tiẹ̀ kò bá dáa, kó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀. Àyà ẹ̀gbọ́n mi já. Òòyì ti ń kọ́ ọ láti ìgbà ààwẹ̀, gbogbo ilé ló sì mọ̀.

Ọgbọ́n táwọn awakọ̀ dá nígbà náà ni kí wọ́n rán ẹlòmíì lọ lórúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi rán àbúrò wa, alágbára ilé, tó ń ru àpò ìrẹsì ní wáàfù Àpápá, tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù l'Ájégúnlẹ̀. Ojú kan náà làwọn méjèèjì ní, àfi ọjọ́ orí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má worry," àbúrò wa rẹ́rìn-ín. "Ọkàn tèmi, tear rubber ni, tuntun pátápátá!"

Ó lọ, ó wo ọkàn ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń lù, ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún wa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nọ́ọ̀sì kan pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọkàn yín ti wú, sà. Ẹ má gbé nǹkan tó wúwo rárá. Ẹ máa bọ̀ lónìí."

"Alhamdulillah, kì í ṣe èmi," ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tó pa fóònù. Ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tá a fi wo ara wa lójú. Àbúrò wa ti wà ní wáàfù láti ìdájí.

Ló bá di bó-ò-lọ-o-yàgò-fún-mi. A bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹténà, ó fọwọ́ di àyà mú, òógùn bò ó. "Ó kàn rẹ̀ mí ni," ló ń sọ.

Nílé ìwádìí náà, ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún níwájú dókítà. "Orúkọ mi lẹ kọ, ọkàn tiẹ̀ lẹ yẹ̀ wò." Wọ́n tọ́jú àbúrò wa. Ó wà láàyè, oògùn ló ń lò, kò ru ẹrù mọ́.

Àwọn ará ilé ní irọ́ yẹn ni Ọlọ́run fi gbà á là, èmi náà sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an, dókítà ní kí ẹ̀gbọ́n mi náà wá dùbúlẹ̀ kí wọ́n yẹ tiẹ̀ wò. Ó ní òun ń bọ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ó ti bá ọ̀gá mìíràn lọ báyìí, ẹni tí kì í béèrè àyẹ̀wò, ó sì ń wa tírélà lọ. Ọ̀rẹ́ mi, èyí tó ń lo oògùn ò bà mí lẹ́rù mọ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ ọkàn rẹ̀ wò ni kì í jẹ́ kí n sùn.