Ẹni Tí Mo Fẹ́ Kó Gbọ́ Mi

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Kàbà kì í ṣe odi. Bí aago ìsinmi bá lù, ariwo wọn lè ṣí òrùlé. Àmọ́ kí n ní kí ọ̀kan dìde kó sọ ohun tó ṣe lánàá fún wa, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàtà rẹ̀ sọ̀rọ̀. N kì í lè bínú sí wọn pẹ́. Ilẹ̀ lèmi náà ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo dàgbà sí. Iye ni gbogbo ilé ń pè é. Lọ́dún kan, ó bẹ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀ pé kí wọ́n bá òun ru iṣu bọ̀ láti oko ọ̀nà Odò-Àpé. Nígbà tó ku ọ̀la, ara rẹ̀ kò yá, ó ní kí n lọ sọ fún olórí ẹgbẹ́ pé kí wọ́n sún un síwájú. Mo lọ, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún ilẹ̀. Màmá àgbà yẹn rò pé mo wá kí òun ni, ó ní, "Okun o, ọmọ mi." Mo sáré wálé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí àwọn obìnrin fi kún àgbàlá wa pẹ̀lú agbọ̀n àti òṣùká, wọ́n ń kọrin. Ọlọ́wẹ̀ wà lórí ẹní, kò sì sí iná lábẹ́ ìkòkò!

Iye kò nà mí. Ó ní, "Iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́. Ìwọ gbé tèmi sọ sójú ọ̀nà." Láti ìgbà náà, òun ni n ó kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ yòówù fún. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, òun á lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, á máa bó ẹ̀gúsí. Bí ohùn mi kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. "Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀, fi ilẹ̀ sílẹ̀!" N ó sunkún, n ó tún un sọ. Tó bá gbọ́, kì í yìn mí. Á kàn tún ọ̀rọ̀ mi sọ fún mi láìyẹ nǹkan kan, á ní, "Ó yá, máa lọ." Ó ti kú báyìí, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí púpọ̀. Mi ò tíì rí ẹlòmíì tó gbọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo máa ń rí i, bí mo bá wálé, pé àpótí ìjókòó Iye ti kúrò lábẹ́ igi ọsàn, ó ti sún mọ́ ilé ìdáná. Mo rò pé oòrùn ló ń sá fún. Àṣé etí ló ń lọ. Kó tó di ọdún tí a jáde, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ níbi ayẹyẹ ìjáde wa. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé ju kí Iye gbọ́ mi lọ, mo sì mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ó ṣáà wá, ó jókòó sí iwájú. Ohùn mi dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí mo wo ibi tí Iye wà, ó ti yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí mi. Ó dùn mí wọra.

Bí a ti ń lọ sílé, ó rí ojú mi. Ó ní, "Tí mo bá kọjú sí ọ, kí ni n ó gbọ́? Ojú àwọn tó ń gbọ́ ọ ni mo ń wò. Ẹnì kan ń mu omi, ife dúró lẹ́nu rẹ̀ títí o fi ṣe tán."

Nínú ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní gbọ̀ngàn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dárúkọ rẹ̀. Kò mọ̀. Mo bá dúró lẹ́bàá títì, mo fẹnu sí i létí, mo fi gbogbo ohùn tí mo ní tún ọpẹ́ náà sọ. Àwọn ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn. Obìnrin tó ń ta àkàrà ní òdìkejì ní, "Okun o, ọmọ rere!" Iye ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.