Igbe Tí Mo Ké ní Kásúàlítì

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà ní kásúàlítì, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn aláìsàn pàjáwìrì, ní ilé ìwòsàn kan ní Èkó tí kò jìnnà sí CMS. Àwọn ọ̀gá wa ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ de àwọn tí mọ́tò máa gbá. Ojú títì la ń wò. A ò mọ̀ pé inú ilé ni ohun tí ń bọ̀ ti ń bọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Ìyá mi máa ń sọ pé ata ni mo fi ń fọ eyín. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì wa, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí a ń pè ní Sísítà, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, ti pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì pé kí n rọra máa bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, gìrì ń mú un. Kí n tó fọwọ́ kan ọmọ náà ni òórùn ti sọ fún mi: ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti aáyù. Àgbo gìrì ni. Ìgò rẹ̀ kì í wọ́n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ọlọ́mọ láyé ìgbà náà. Bí gìrì bá ti dé, wọ́n á ya ọmọ lẹ́nu, wọ́n á dà á sí i. Àgbo yìí a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, a sì máa mú kí èémí rẹ̀ falẹ̀. Nítorí pé mo mọ ohun tó mu, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo fi rọ́bà fọ ikùn rẹ̀, mo fa omi ṣúgà sí i ní iṣan, mi ò sì fún un ní abẹ́rẹ́ gìrì, torí abẹ́rẹ́ yẹn náà a máa dín èémí kù. Kò pẹ́ tó fi ń sunkún. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dákẹ́ sí.

N ò dákẹ́. Inú bí mi, ó bí mi gan-an. Mo gbé ìgò àgbo tí obìnrin náà mú wá, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ jókòó sí lórí bẹ́ńṣì, mo gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Apànìyàn ni yín," mo ní. "Ẹni tó bá tún rọ nǹkan yìí sí ọmọ lẹ́nu kó tó gbé e wá bá mi, ọlọ́pàá ni mo máa pè fún un."

Mo yí padà wọlé. Mo ní ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wọ́n létí. Inú mi tiẹ̀ dùn.

Láti ojú fèrèsé, mo rí ìyá àgbà kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n dìde kúrò lórí bẹ́ńṣì, tí wọ́n gbé ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Wọ́n rẹ aṣọ sínú omi, wọ́n nu ẹnu rẹ̀, wọ́n tún un nù, wọ́n wá pàrọ̀ ẹ̀wù rẹ̀. Mo rò pé ibà ni wọ́n ń fi omi tù. Kí ló dé tí mi ò bi ara mi pé kí ni wọ́n ń wá lẹ́nu ọmọ?

Nígbà tó kàn wọ́n, páúdà àti lọ́fíńdà ni ọmọ náà ń run. Ọmọkùnrin ni, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti wá. Ọ̀dọ́bìnrin náà ló bí i, ìyá àgbà sì ni ìyá ọkọ rẹ̀. Gìrì á mú ọmọ náà, á fi í sílẹ̀, á tún mú un. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fún un. Ìyá ọmọ wo ojú ìyá àgbà. Ìyá àgbà ní àwọn ò fún un ní nǹkan kan ju omi lọ. Mo ní ṣé ó dá wọn lójú, ó ní ó dá àwọn lójú. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé ọmọ yìí dákẹ́ jù láàárín gìrì kan sí èkejì, pé èémí rẹ̀ ń jìnnà síra. Mi ò dá ọkàn mi lóhùn. Ọmọ tí kò mu àgbo, tí gìrì ń mú, abẹ́rẹ́ ló tọ́ sí i. Mo gún un.

Gìrì náà dúró lóòótọ́. Ara ọmọ rọ̀ wọ̀ọ̀. Àyà rẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan, mo ń retí èkejì, kò dé. Mo fa báàgì bò ó nímú, mo ń tẹ afẹ́fẹ́ sí i nínú, mo ké sí Sísítà. Ó wọlé, ó wo ọmọ, ó wo àwọn obìnrin méjèèjì, ó sì kúnlẹ̀ ti ìyá ọmọ. Ó kí i kú ìrọ́jú, ó kí i kú ìtọ́jú, ó ní kò sí abiyamọ tí kì í wá nǹkan ṣe sí ọmọ rẹ̀, pé kí wá ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbà á. Ìdáhùn jáde wẹ́rẹ́: ṣíbí àgbo gìrì mẹ́ta, kí wọ́n tó kúrò nílé. Ìbéèrè kan náà tí mo bi wọ́n ni.

A ní kí àwọn obìnrin náà bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ki rọ́bà sí i nínú. Omi dúdú jáde, òórùn náà sì gba gbogbo yàrá. Mo fa omi ṣúgà sí i, mo ń tẹ báàgì, mo ṣáà ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti ń pe ìrun ọ̀sán nígbà tí Sísítà gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Ó tó, Dókítà," ó ní.

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ dókítà níṣẹ́ láti ìgbà náà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ka èémí ọmọ kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́ gìrì, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, kí wọ́n má sì gba "a ò fún un ní nǹkan kan" gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọn ò tíì kí dáadáa. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Mi ò kì í sọ ìyókù fún wọn.

Èmi ni mo jáde lọ sọ fún àwọn ẹbí ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀. Ìyá àgbà kò sunkún. Ó wo ojú mi títí, mi ò mọ ohun tó rí níbẹ̀, àgbàlagbà tó tó bí ìyá mi lọ́mọ, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú mi lórí símẹ́ńtì, ó ń pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa," ó ní. "Ẹ má pe ọlọ́pàá. Ẹ̀rù yín ló bà wá."